Ẹni Tó Lọ Pọnmi

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń já tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà Olúmọ,
àtàǹpàkò mi ti gba àwọ̀ yíǹkì, kò ṣeé fọ̀ mọ́.
Ìrìn ẹsẹ̀ ni mo fi ń mọ àlejò:
ará Èkó á béèrè ibi tí fọ́tò ti ń dára jù,
ọmọ ilé-ìwé á ka àtẹ̀gùn dé ogójì, á ṣìṣe, á tún bẹ̀rẹ̀,
òyìnbó á rọra fọwọ́ kan àpáta bí ẹni ń tu ẹṣin lójú.

Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí, lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́yìn òjò,
ńṣe ló bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu géètì, ó gbọ̀n ọ́n.
Iyanrìn funfun dà sílẹ̀, díẹ̀,
iyanrìn tí kì í ṣe ti Ìkìjà, tí kì í ṣe ti Ìtokò.
Ó ní, "Sèwánù ni mí. Iṣẹ́ kan náà ni à ń ṣe."

Erékùṣù kan létí òkun, níhà Àgbádárìgì,
ibẹ̀ ló ti ń mú àlejò kiri:
ọkọ̀ ojú omi láàárọ̀, jákẹ́ẹ̀tì pupa tó ń rùn fún òógùn àná,
igi àgbọn, ọ̀nà iyanrìn,
kànga tí wọ́n ní ẹni bá mu nínú rẹ̀ á gbàgbé ilé,
títí dé ibi tí ilẹ̀ ti tán.
"Wọ́n á ya fọ́tò. Wọ́n á ra àgbọn.
Wọ́n á bi mí pé níbo ni ilé ìtọ̀ wà."
Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò dé ojú.
"Mo ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn títí, ó ti dán bí òkúta inú odò.
Tìrẹ ńkọ́? Ṣé ó ṣì ń ta ọ́?"

N kò dá a lóhùn.
Ẹ̀rọ agbénigòkè ti kú látọjọ́ Ajé,
ẹsẹ̀ la fi gùn ún, èmi àti orúnkún mi tó ń ráhùn.
Mo fi ihò ọlọ hàn án lábẹ́ àpáta,
ibi táwọn obìnrin ti ń lọ àgbàdo nígbà ogun,
tí wọ́n tẹ̀ kí orí wọn má kan òrùlé òkúta.
Mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ àkọ́sórí mi:
"Ìyá ìyá ìyá mi, Efúnbọ́wálé, ibí yìí ló sá sí..."

"Òun nìkan?"

Ẹnu mi dúró.
Ó ní àbúrò. Àwẹ̀ró.
Ó gbé akèrègbè, ó lọ pọnmi lódò Ògùn
nígbà tí àkùkọ ò tíì kọ.
Ìyá mi kì í sọ ọ́ àfi tí iná àtùpà bá ń kú lọ,
kì í sì í sọ pé ó kú.
"Kò tíì dé" ló máa ń sọ.
Ọdún mọ́kàndínlógún, n kò sọ ọ́ fún àlejò kan rí.
Kò sí nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì.

Lókè pátápátá, atẹ́gùn fẹ́ gba gèlè mi.
Páànù tó dógùn-ún lọ salalu nísàlẹ̀.
Sèwánù kọjú sí gúúsù, ó ń wá òkun.
"Kì í hàn níbí," mo ní, "ṣùgbọ́n wo odò yẹn,
ọ̀dọ̀ yín ló ń lọ. Kì í kánjú."

Ó dákẹ́, ó pẹ́.
"A jẹ́ pé bóyá ọ̀rọ̀ Àwẹ̀ró ni mo ń sọ lójoojúmọ́,
tí n kò mọ orúkọ."

Àpáta gba ọ̀kan sábẹ́.
Iyanrìn ò gba ipa ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni dúró.

Nígbà tá a sọ̀kalẹ̀ ni mo rí i
pé mo gbàgbé láti já tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀.
Mo ní kó máa mú un lọ bẹ́ẹ̀, lódindi.
Ó ní lọ́la, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, òun á pe orúkọ náà,
bí wọ́n gbọ́, bí wọn ò gbọ́.

Ọgọ́ta ọmọ ilé-ìwé ń bọ̀ láti Ìbarà, ariwo wọn ti ṣáájú wọn.
Mo gbá iyanrìn náà jọ sábẹ́ tábìlì, n kò dà á nù.
Olùkọ́ wọn ń béèrè bóyá ẹ̀dínwó wà.