Ta Lẹ Mú?

Òjò Ògọ́ọ̀sì ń lu páànù sítọ̀ kòkó wa ní Yaba, l'Óńdó,
nígbà tí Akínkùnmí pè láti Hiúsítìn.
"Bọ̀ọ̀dá, iṣẹ́ alẹ́ ni mo ní lọ́jọ́ tá a máa pín àwọn agbábọ́ọ̀lù.
Ẹ bá mi yan táìt ẹ́ńdì kan.
Kò sẹ́ni tó mọ nǹkan-án yẹ̀ wò bíi tiyín."

Kòkó ni mo ń yẹ̀ wò.
Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń fi ọ̀bẹ là á,
ọ̀ọ́dúnrún hóró lórí pátákó,
mò ń ka èyí tó bu, èyí tó hù, èyí tó le bí òkúta.
Kí ló kàn mí kan bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fọwọ́ jù,
tó rí ṣóńṣó bí èso kòkó tí a kò tíì fọ́?

Mo ní kó ṣàlàyé.
Ó ní ẹni tó ń dènà ni, òun náà ló tún ń gba bọ́ọ̀lù.
Bó bá fi àyà dènà títí ilẹ̀ fi ṣú,
kò sẹ́ni tó máa ka ìyẹn fún un.
Èyí tó bá gbà, tó gbé sáré, nìkan ló ń di máàkì.
Mo ní, áà, ó yé mi.
Alábàárù wà ní sítọ̀ wa.

Morẹ́nikẹ́ na ọrùn wo fóònù:
"Ṣé kì í ṣe kàlòkàlò nìyí?"
Mi ò dáhùn. Mo ti ń kọ nọ́ńbà sẹ́yìn ìwé ìwọ̀n.

Mẹ́rinlélọ́gọ́rin: ó fò, ó fọwọ́ kan já bọ́ọ̀lù lójú sánmà,
gbogbo fídíò ló ń fi í hàn.
Ẹnu àpò nìyẹn.
Mo mọ àwọn tó ń to hóró ńláńlá sẹ́nu àpò.
Mo ti irin bọ ìsàlẹ̀, mo fà á jáde:
orúnkún kan náà, ẹ̀ẹ̀mejì láàárín ọdún mẹ́ta.

Ọmọ kan wà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ní yunifásítì.
Kòkó tutù. Ẹ sá a sóòrùn fún ọdún kan ná.

Mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún:
a yọ ẹ̀ta nínú àádọ́rùn-ún kí á tó rí i,
bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ orí ń yọ díẹ̀díẹ̀ nínú eré sísá rẹ̀.
Kò lẹ́wà. Ó ń sáré bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé.
Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá le, tí ọ̀tá yí ajubọ́ọ̀lù wọn ká,
ojú rẹ̀ ló ń wá.
Ìgbà mẹ́jọ lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń jù ú sí i.
Mo fa ìlà sábẹ́ ẹ̀jọ, mo tún un fà.

Mi ò sì ní kánjú mú un.
Ẹni tó ra kòkó lọ́jọ́ tí gbogbo ayé ń rà á,
owó ariwo ló san.
Ìpele keje ni tèmi.

Aago kan òru. Iná ti lọ.
Mo dúró lórí àpótí lẹ́bàá fèrèsé tó kọjú sí Òkèlísà,
mo gbé fóònù sókè bí ẹni tó fẹ́ fi gbe òjò.
Ìpele karùn-ún, kò sẹ́ni tó mú un.
Ìkẹfà, kò sẹ́ni tó mú un.
Ó kàn mí.
Mo tẹ̀ ẹ́. Òbìrìkìtì kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í yí.
Ó ń yí.
Nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì fi padà,
ẹ̀rọ ti bá mi yan:
Mẹ́rinlélọ́gọ́rin.

Láàárọ̀, mo la hóró àádọ́ta láìka ọ̀kan.
Ọmọ iṣẹ́ mi ń wò mí.
Fóònù dún: "Bọ̀ọ̀dá, ta lẹ mú?"
Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́. Mo tún un kọ:
"Ọmọ dáadáa ni.
Ní ọsibítù yín níbẹ̀,
ta ló mọ̀ nípa orúnkún?"