Adéṣọkàn Méjì

Àkùkọ ò tíì kọ tí mo ti kúrò ní Kétu,
àpò ìwé lábíyá, àkàrà mẹ́ta nínú bébà.
Pobẹ̀ rèé, Ṣàkété rèé,
nígbà tí a ó fi wọ Àjàṣẹ́, oòrùn ti mú.
Mo tò síwájú fèrèsé kẹta
láàárín àwa tí ẹfun ìkọ̀wé ti jẹ lọ́fun;
bí ẹnì kan bá wúkọ́, ẹni mẹ́fà á gbè é.

"Bàbá, ẹni méjì lẹ jẹ́ níbí."
Ó ti ìwé méjì sí mi lábẹ́ gíláàsì.
Adechokan nìwé ìgbanisíṣẹ́ pè mí,
bí akọ̀wé ìjọsí ṣe fi etí Faransé gbọ́ ọ.
Adesokan nìwé ìfẹ̀yìntì wí,
ẹ̀rọ ló gbé lẹ́tà tó kù mì.
Owó oṣù mọ́kànlá há sí àárín wọn.
Èmi tí mo na ọmọ ọlọ́mọ
fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nítorí àmì orí lẹ́tà!

Mo tètè fẹ̀yìn tì, òótọ́ ni.
Ojú ló kọ́kọ́ ní ó rẹ òun:
mò ń ka b bíi d, àwọn ọmọ ń fọwọ́ bo ẹnu.
Wọ́n ní ẹni tó bá yára lọ, àwọn á gé díẹ̀ lára owó rẹ̀.
Mo rò pé èékánná ni, àṣé ìka ni wọ́n fẹ́ gé.

Ọdún mẹ́jọ ìṣáájú ńkọ́, ní Ìlikimu,
nígbà tí ìjọba ò tíì mọ̀ pé ilé ìwé wà lábẹ́ mángòrò yẹn?
Iṣu làwọn òbí fi sanwó mi,
iṣu, àgbàdo,
itan ìgalà lẹ́ẹ̀kan.
Ọmọbìnrin ẹ̀yìn gíláàsì ní iṣu ò sí nínú kọ̀ǹpútà.

Ó ní kí n lọ gbàwé ní kóòtù
pé Adéṣọkàn àti Adéṣọkàn, ẹnì kan náà ni,
kí n gba òmíràn tí yóò jẹ́rìí pé mo ṣì wà láàyè.
Mo ní, "Ta ló ń bá ọ sọ̀rọ̀ láti àárọ̀?"
Ó rẹ́rìn-ín. Kì í ṣọmọ burúkú.
Ó kọ gbogbo rẹ̀ sí bébà kékeré fún mi,
àṣìṣe méjì wà nínú Faransé rẹ̀.
Mo ti ki ọwọ́ bọ àpò, mò ń wá bírò pupa,
kí n tó rántí.
Mo ká a mọ́ àkàrà tó ṣẹ́kù.