Kò Dé Mẹ́jọ

Ní ìlú wa lórí òkè, ní àríwá Tokyo,
ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń pọn ásíìdì.
Omi gbígbóná ń hó jáde láàárín yìnyín,
ó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́,
àlejò sì ń sanwó kó lè wẹ̀ nínú rẹ̀.
Ju ìṣó kan sí i, padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan:
o ò ní bá orí, o ò ní bá ìdí.

Bàbá tó bí bàbá mi, Kanjirō,
ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi po òkúta ẹfun bí ẹ̀kọ,
tó ń dà á sódò tọ̀sán tòru
kí ẹja ìsàlẹ̀ lè rí ibi gbé.
Kò mọ ohun tó ń jẹ́ lọ́garíìtìmù.
Ahọ́n ló fi ń wọn omi:
"Èyí kan. Èyí ò kan tó ti àárọ̀."
Á tutọ́. Á tún da ẹfun sí i.

Ọdún kejì mi ní ilé-ẹ̀kọ́ girama,
Olùkọ́ Ogiwara kọ lẹ́tà méjì sójú pátákó,
kékeré ṣíwájú, ńlá tẹ̀ lé e: pH.
Ó ní ẹ̀yìn ni ìwọ̀n yìí fi ń rìn,
nọ́ńbà tó kéré ló kan jù.
Mo nawọ́. Mo ní, "Bí bẹ́ẹ̀ bá ni,
ìlọ́po méjì ni omi oní-méjì fi kan ju oní-mẹ́rin."
Shiomi rẹ́rìn-ín sínú apá aṣọ rẹ̀.

Olùkọ́ ò rẹ́rìn-ín.
Ó bu ásíìdì ìwọ̀n kan, ó fi omi ìwọ̀n mẹ́sàn-án là á:
méjì di mẹ́ta.
Ó bu ìwọ̀n kan nínú ìyẹn, ó tún bomi là á:
mẹ́ta di mẹ́rin.
"Fumino, ẹ̀ẹ̀melòó?"
Ìlọ́po mẹ́wàá lọ́nà mẹ́wàá.
Ọgọ́rùn-ún.
Etí mi gbóná.
Àkàbà wo nìyí,
tó jẹ́ pé ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ ló ń gun ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan,
tí ìyókù rẹ dúró sísàlẹ̀?

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo fẹ́ gbẹ̀san lára nọ́ńbà.
Mo bomi là á nínú ìwé, mo là á, mo là á,
títí ásíìdì fi ku ọ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù.
Ẹ̀rọ ìṣirò ní: mẹ́jọ.
Mẹ́jọ! Mo ti fi omi lásán
sọ ásíìdì di ẹgbẹ́ ọṣẹ!
"Bàbá àgbà, ẹ fi ẹfun ṣòfò. Omi nìkan ì bá ti tó."
Ó ń bó ọsàn. Kò gbójú sókè.
"Ohun tó kan lè rọ̀," ó ní.
"Ta ló sọ fún ọ pé ó yí padà?"

Olùkọ́ wo ìwé mi pẹ́ títí.
"Omi tó o fi là á ńkọ́?
Ṣé ọwọ́ òfìfo ló bá wá ni?
Omi pàápàá ní háídírójìn tirẹ̀ lọ́wọ́,
ọ̀kan nínú mílíọ̀nù mẹ́wàá.
O ka àlejò,
o gbàgbé onílé."

Mo ro méjèèjì pọ̀.
Ó kù fíín kó pé méje.
Bomi là á títí di ọ̀la, yóò máa sún mọ́ ọn,
yóò máa sún mọ́ ọn,
kò ní í kọjá.

Lọ́jọ́ Àìkú a lọ sétí odò,
níbi tí omi funfun ti ń pàdé èyí tó mọ́ gaara.
Mo mú bébà tó ń yí àwọ̀ dání, ó mú ahọ́n.
Omi kán sórí ìka rẹ̀. Ó kán. Ó kan. Ó kàn mí.
Bébà mi di àwọ̀ ewé tó ń pọ́n lọ,
ó lé díẹ̀ ní márùn-ún.
Ó tutọ́. Ó ní, "Ó ṣì kù díẹ̀."

Mo ki bébà náà bọ àpò ẹ̀wù òtútù mi.
Ó ṣì wà níbẹ̀. Ó ti ṣá.
Mi ò mọ nọ́ńbà tó ń sọ mọ́.