Ọjọ́bọ̀ Lẹ́yìn Tákié

Àga àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n kó fún wa,
àga kúkurú tí orúnkún àgbà fi ń kan àgbọ̀n.
Lójú pátákó, ìṣirò àárọ̀ kò tíì parẹ́:
méje lọ́nà mẹ́jọ, ọmọ kan kọ ọ́ ní àádọ́ta,
olùkọ́ ti fi ṣọ́ọ̀kì pupa fa igi lé e lórí.

Nọ́ọ̀sì Fadérera, ẹni tó ti fẹ̀yìntì tí kò sì fẹ̀yìn tì,
ń so páálí mọ́ wa lọ́rùn, orúkọ kọ̀ọ̀kan gàdàgbà,
tẹni tó gbàgbé àti tẹni tí kò ráyè gbàgbé.
Ó ní kí ojú má baà ti ẹnikẹ́ni.

Ìyá ọkọ mi gbé tirẹ̀ sókè, ó wò ó títí.
"Ta ni Oyèbọ́lá yìí? Ṣé ó jẹ mí lówó?"

Wọ́n ti ní kí kálukú mú ohun tí ọwọ́ wọn mọ̀ wá.
Bàbá Ládọ̀kun, télọ̀, mú abẹ́rẹ́ dání.
Ó ń fi itọ́ ra ẹnu òwú tí kò sí,
ó di ojú kan, ó fà á kọjá, ó so ó ní kókó.
Ìyàwó rẹ̀ na etí ìró rẹ̀ sí i:
"Ibí ló ti ya."

Èmi mú ọ̀pá tí ìyá fi ń wọn aṣọ ní Tàmálè wá,
igi kan ṣoṣo tó mú bọ̀ lọ́dún tí Gáná lé wọn,
tó fi ìsọ̀ sílẹ̀, tó fi ìgàn aṣọ sílẹ̀
fún ẹni tí kò san kọ́bọ̀.
Ọ̀pá yìí náà ló nà sí mi lọ́dún kejì tí mo wọlé wọn,
tó fi ka oṣù fún mi:
"Ìwọ̀n yìí lo ti jẹ iṣu wa. Ìwọ̀n yìí. Ikùn rẹ pẹlẹbẹ."
Mo rántí. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún, mo rántí ibi tí mo dúró,
omi iṣu ń hó, ó ń ya sílẹ̀, ó ń pa iná.

Ó gba ọ̀pá náà. Ọwọ́ tó máa ń gbọ̀n dúró ṣinṣin.
Ó wọn afẹ́fẹ́: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta,
ó fi àtàńpàkò sàmì, ó tún sún un síwájú díẹ̀,
ó ká a, ó gbé e lé mi lọ́wọ́.
"Gbà. Mo ti fi ènì sí i. Oníbàárà gidi ni ọ́."
Gbogbo yàrá pàtẹ́wọ́.
Èmi kò lè pàtẹ́wọ́. Aṣọ kún ọwọ́ mi.

Lábẹ́ máńgòrò, wọ́n bu ẹ̀kọ yangan fún àwa tí à ń tọ́jú wọn.
Gbádébọ̀ ní ìdájí ni ìyàwó òun máa ń di ẹrù,
pé òun ń lọ sílé; ilé ló sì wà.
Ọmọbìnrin kan ní òun ti ìlẹ̀kùn mọ́ bàbá òun lánàá,
òun lọ sunkún lẹ́yìn ṣálángá.
Ó kàn mí. Kí ni kí n wí?
Pé ìjà tí àwa méjèèjì jọ dì,
ó ti yọ orí tirẹ̀ kúrò lábẹ́ rẹ̀ láìdágbére,
ó ku èmi nìkan, ẹrù ẹlẹ́ni méjì?
Mo ní, "Ó ń sùn dáadáa."
Mo mu ẹ̀kọ mi.

Nígbà tí a ń dúró de kẹ̀kẹ́ Márúwá létí gọ́tà,
ó yíjú sí mi.
"Àlejò, ọmọ ta ni ọ́?"
Ó yẹ kí n tọ́ka sí páálí ọrùn mi.
"Oníbàárà yín ni, Ìyá."
"Ṣé aṣọ yẹn wù ọ́?"
Mo tú u, mo nà án sí oòrùn, àwa méjèèjì wò ó.
"Ó wù mí. Ṣùgbọ́n mi ò tíì sanwó."
"Mo mọ̀," ló wí. "Máa mú un lọ ná."