Agbára Àwìn

Agolo méjì lálẹ́, ọ̀kan láàárọ̀,
bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá láti Èrèjà dé Ìmọ̀,
láti Ìmọ̀ padà sí Ìṣọ̀kùn,
ojú mi là rekete bí ojú ẹja nínú fìríìsà.
Agolo ọ̀hún tutù, ó tẹ́ẹ́rẹ́,
wọ́n ya mànàmáná sí i lára,
ó dùn bí oògùn ikọ́ tí wọ́n fi ṣúgà tàn jẹ.

Oúnjẹ mi? Mítí-páì.
Ọwọ́ kan ni mo fi ń jẹ ẹ́, ọwọ́ kejì ni mo fi ń ṣẹ́ kọ́nà,
èérún rẹ̀ ń já sí mi nítan bí iyẹ̀ pákó,
ẹran inú rẹ̀ kò ju èyí tí eèrà kan lè dá gbé lọ.
Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń tà á mọ́lẹ̀ yòò,
ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ síni lọ́rùn,
ọmọbìnrin tó ń tà á a sì máa pè mí ní "sà".
Ta ló tún ń pè mí bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Iléṣà?

Bàbá Fálẹ́yẹ, onílé mi, "ìwọ ọmọ yìí" ló ń pè mí.
Ìbíwùmí ọmọ rẹ̀, tó ń tọ́jú arúgbó onífunfun lókè òkun,
a máa fi fítámì ránṣẹ́ sí i lóṣù mẹ́ta mẹ́ta:
ìgò kan fún egungun, ìgò kan fún ẹ̀jẹ̀,
epo ẹja nínú kóró tó ń dán bí wúrà,
ọ̀kan fún irun,
bẹ́ẹ̀ orí Bàbá ti pá kí wọ́n tó bí mi.
Wọ́n tò sójú fèrèsé bí ọmọ iléèwé lórí ìlà.
Mo ń rí i pé wọ́n ń dínkù.
Mo ní, àgbàlagbà yìí ń lo oògùn rẹ̀ dáadáa.

Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan, níwájú ọsibítù Wẹ́sílì,
àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, kò dúró dè mí.
Mo pa kẹ̀kẹ́. Mo fọwọ́ di àyà mú
bí ẹni di adìyẹ tó fẹ́ fò mú.
Èrò mẹ́ta sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀kan ní, "Pẹ̀lẹ́ o."
Ọ̀kan béèrè ṣéńjì rẹ̀.
Gééètì ọsibítù ò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ. Mi ò wọlé.
Owó káàdì ni mo ń rò.

Ilẹ̀ ti ń mọ́ kí n tó délé.
Bàbá lóṣòó lẹ́yìnkùlé,
ó ń fi abẹ́rẹ́ lu kóró epo ẹja,
ó ń fún un sínú eèrí àgbàdo,
ó lọ ti egungun, ó lọ ti ẹ̀jẹ̀, ó pò wọ́n pọ̀,
ó dà á fáwọn adìyẹ.
"Bàbá! Fítámì rèé!"
"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́. Bí Ìbíwùmí bá pè, ara mi ń le sí i ni.
Ṣé irọ́ ni? Wo ẹyin."

Ó wojú mi. Kò béèrè ohun tó ṣe mí.
Ó ní, "Bàbá mi ṣe òṣómàáló dé Ọ̀fà.
A máa ta aṣọ láwìn, a máa bá ọ ṣàwàdà,
á ní o ò ní í san nǹkan kan lónìí.
Ọjọ́ tó bá padà dé, á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ,
kò ní í jókòó, kò ní í mumi,
àfi tówó ẹ̀ bá pé.
Agolo tí ò ń mu un, àwìn ni.
Ta lo rò pé ó lóṣòó sí ọ láyà lánàá?"

Mi ò lésì.
Àbí kí n ní kí ni? Ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ náà,
Sátidé Sátidé ló ń wá gbowó rẹ̀,
òun náà kì í jókòó.

Bàbá se ẹyin méjì sínú kẹ́tù tíì,
ó gé iṣu sísun tì í, ó gbé e fún mi.
Mo ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí fóònù dún.
"Bàbá, ṣé ẹ ń lò ó?"
Ó wo ẹnu mi, níbi tí pupa ẹyin lẹ̀ mọ́.
"À ń lò ó, ọmọ mi. À ń lò ó gan-an ni."

Agolo kan ṣì wà lábẹ́ àga kẹ̀kẹ́.
Mo mọ ibi tó wà.