Ọjọ́ Àga

Ní erékùṣù kan ní gúúsù Ṣílè,
lóṣù kẹjọ tí òjò kì í dá,
oníkálukú á gbé àga rẹ̀ lọ sétí òkun.
Wọn ò jẹ, wọn ò mu. Wọ́n kàn jókòó.
Àlejò á máa rẹ́rìn-ín.

Eduvigis ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.
Ọkọ rẹ̀ ní òun ń lọ dẹ àwọ̀n,
kí ọbẹ̀ tó tutù òun á ti dé.
Ọbẹ̀ tutù. Ọbẹ̀ kan.
Ó gbé àga, ó kọjú sómi.
Lọ́jọ́ kejì, Baudilio aládùúgbò gbé tiẹ̀ dé,
kò sọ nǹkan kan.
Lọ́jọ́ kẹrin, kò ku ẹnìkan nílé.

Ìgbà náà ni ọkọ̀ yọ nínú kùrukùru.
Ọkùnrin náà rí èrò, àyà rẹ̀ já:
“Ta ló kú?”
“Ìwọ ni,” ìyàwó rẹ̀ fèsì.
“Jókòó.”