Ìwé Kékeré Inú Pijó

Aago márùn-ún ìdájí Sátidé, òtútù Jos ń bù wá jẹ,
ọkọ̀ méje tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri iléèwé ní Tudun Wada,
gbogbo wọn ń wúkọ́ bí àgbà tí wọ́n jí lójú oorun.
Dachung ló ṣáájú nínú Mẹ̀sídíìsì aláwọ̀ wàrà.
Habu tẹ̀ lé e nínú Dátsùn tó ní òun fi gbéyàwó;
"Irọ́ ni," ìyàwó fèsì láti ẹ̀yìn,
"lọ́jọ́ ìgbéyàwó, èmi ni mo tì í."
Ochefu gbé Ìjàpá rẹ̀ dé,
Ìjàpá aláwọ̀ ewé tó pọn ẹ́ńjìnnì sẹ́yìn bí abiyamọ.
Èmi wa Pijó bàbá mi.

Àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ní Jos, a kì í sọ nǹkan nù.
Bàbá mi ta aṣọ ní Terminus títí apá fi ń ro ó,
ó fi èrè ọdún mẹ́ta ra Pijó náà ní tuntun.
Ó ní Kaduna ni wọ́n ti tò ó pọ̀, ọmọ ilé ni.
Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jẹ ẹ̀pà nínú rẹ̀.
Ọdún mẹ́fà rèé tó ti wọlẹ̀ lọ,
títí dòní, n kò tí ì jẹ ẹ̀pà nínú ọkọ̀ yẹn.

Hawan Kibo.
Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kó bi bíréèkì léèrè.
Ọ̀nà lọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí ìfun ewúrẹ́,
àpáta lọ́tùn-ún, òfìfo lósì.
Mo fi í sí jíà kejì,
Pijó ń kùn, ó ń sọ̀, ó ń sọ̀, ó ń kùn,
bí ìyá arúgbó lórí àtẹ̀gùn tó kọ ọwọ́ tí a nà sí i.
Nígbà tí a dé ìsàlẹ̀, a bọ́ sílẹ̀,
a ò sọ̀rọ̀, a mu omi.

Ní Akwanga, Ìjàpá kọ̀.
Ọmọ mẹkáníìkì kan dé tòun ti wáyà,
ó ń wá ibi tí yóò ti ki kọ̀ǹpútà bọ ọkọ̀ náà lẹ́nu.
Ochefu rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.
Ó ní ta ló wọ ìbọ̀sẹ̀ gígùn, èyí tó ń fà bíi rọ́bà?
Mo bọ́ tèmi fún un lẹ́yìn igi máńgòrò.
Ó so ó sí ibi tí bẹ́líìtì ti já,
Ìjàpá dìde.
Ọmọ náà ya fọ́tò ìbọ̀sẹ̀ mi, kò gba kọ́bọ̀.

Keffi la ti ra epo.
Mo ń wá owó nínú àpò dáṣíbọ́ọ̀dù,
ìwé kékeré kan jábọ́ sórí itan mi,
ìlà gbọọrọ, lẹ́tà wínníwínní, yíǹkì búlúù:
*Keffi. Ogún lítà. Náírà mẹ́rìnlá. Ọmọ sùn.*
Ọmọ yẹn, èmi ni.
Ẹni tó ń ta epo ní, "Hajiya, ẹ sún ọkọ̀ síwájú."

Abuja. Pápá kan nítòsí Jabi, ọkọ̀ bí eṣú,
ará Kano, ará Enugu, ará Ìbàdàn, ará Maiduguri.
Adájọ́ kan fi ìbọ̀wọ́ funfun pa bọ́nẹ́ẹ̀tì mi lára,
ó wo ìka rẹ̀. "Ẹ ò fọ̀ ọ́?"
Mo ní, "Mo fọ̀ ọ́ lánàá. Ti ọ̀nà lẹ̀ ń wò yẹn."
Ọkọ̀ tó gba ife, orí tírélà ló gùn wọ̀lú,
táyà rẹ̀ kò mọ kòtò rí.
Dachung ṣu ẹnu. Ìyàwó Habu ní,
"Ṣé ife lẹ fẹ́ wà dé Jos ni?"

Ọjọ́ Àìkú, Keffi lẹ́ẹ̀kan sí i, oòrùn ti ń rọlẹ̀.
Ochefu na ẹ̀pà sí mi láti fèrèsé; mo fi í sí búùtù.
Mo yá bírò lọ́wọ́ ẹni tó ń ta epo,
mo wá ìlà tó ṣófo lábẹ́ ti bàbá mi:
*Keffi. Ogún lítà. Ẹgbàá mẹ́wàá náírà. Ọmọ ló ń wà á.*